Adúmáadán Ni Bàbá Ẹ

Fọ́tò bàbá mi kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn tí omi òjò wọ ilé wa ní Festac. Nínú ẹ̀, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Bàbá mi ti kú ọjọ́ ti pẹ́, fọ́tò náà sì ti ṣí. Ojú màmá mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Dókítà ní díẹ̀díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ á máa kúrò níbẹ̀. Màámi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ káwọn tún rí ojú ọkọ àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i, kó tó ṣú pátápátá.

Èmi tí mò ń fi kóòdù jẹun, ṣé ìyẹn le? Mo gbé fọ́tò náà sórí kọ̀ǹpútà, mo kọ kóòdù tí á mú kó hàn sí ojú tó ti ń ṣú: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti tó ààlà tí mo fi sí i, kó di funfun báláú, ibi tí kò bá tó o, kó di dúdú kirikiri. Mo fi ààlà náà sí àárín gbùngbùn, mo sáré gbé e lọ bá wọn.

Ṣẹ́ẹ̀tì yọ kedere. Ojú di ìdí ìkòkò. Màámi ní àwọn rí ṣẹ́ẹ̀tì o, ta ló wà nínú ẹ̀? Inú bí mi. Mo ní ṣebí èèyàn dúdú ni bàbá wa.

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Adúmáadán ni bàbá ẹ.”

Mo bá rántí òrí. Láràárọ̀, kí bàbá mi tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fíríìjì ṣe ní Alákijà, wọ́n á bu òrí, wọ́n á fi pa ojú títí iwájú orí á fi máa kọ mànà. Àwa ọmọ máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí iná bá lọ, kí Dádì ṣáà jókòó sáàárín pálọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi èyí tó kù lọ́wọ́ wọn pa wá lójú. Ọlọ́run mọ̀ pé àárò òórùn òrí yẹn ń sọ mí.

Kóòdù mi mọ dúdú, kò mọ dídán. Mo fa ààlà náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ kékeré tó wà lára òrí yẹn lè ráyè di funfun. Iwájú orí yọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, imú yọ, ẹ̀rín náà sì tẹ̀lé e.

Màámi sún mọ́ kọ̀ǹpútà títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Wọ́n kí ọkọ wọn káàbọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń kí wọn tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù dé. Èmi ti ń nu omijé, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Wọ́n wá yíjú sí apá ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ẹkún mi.

“Ó yá, ṣe tìẹ náà báyẹn. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti rí ojú ẹ gbẹ̀yìn.”

Gbogbo Sátidé ni mò ń jókòó níwájú wọn.

Kí n tó ya fọ́tò tèmi, mo kọ́kọ́ lọ ra òrí ní Agboju.