Àga Tíṣà ní Boundary

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, mo ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Àpápá ní ìtàn nírọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti ṣíwọ́, ní Boundary nítòsí ibẹ̀. Wọ́n á dé tàwọn ti eruku sìmẹ́ńtì lórí, ẹnu wọn kì í sì í dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan, mo ní lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́, àwọn ará Amẹ́ríkà ní àwọn àlejò ń gbaṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́, ni wọ́n bá tilẹ̀kùn ìlú mọ́ wọn síta.

Ẹnì kan ní, "Tíṣà, òyìnbó mà burú o."

Gbogbo kíláàsì pòṣé. Tèmi ló dún jù.

Ni Ìgbò kan bá wọlé, ó kí wa. Òun ni tíṣà wọn kí ogun tó lé e lọ sílé. Ó ní òun ti dé.

Mo ní, "Ẹ má bínú, kò sáyè mọ́."

Mi ò tiẹ̀ dìde lórí àga rẹ̀.