Ògiri Yàrá Ìyá Ọkọ Mi

Nígbà tí àwọn sójà ń ṣèjọba, tí owó yúréníọ̀mù sì ń wọ Niamey, aṣọ tí ọkọ mi ń tà ń yá bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. A ra ilé alámọ̀ kan ní àdúgbò Yantala, a sì mú ìyá rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Yàrá tó dára jù la fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí, ògiri gbàgbà kan sì wà láàrin òun àti pálọ̀ wa. Ìyá kò gbọ́ Sáńmà, èdè àwọn ará ìlú náà, kò gbọ́ Haúsá, àwọn ọmọ mi sì ń fi Faransé ṣeré. Kò pé oṣù mẹ́ta tó fi ní kí ọkọ mi wá ọkọ̀ fún òun, òun ń lọ sílé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀.

"Mi ò wá síbí wá máa bá ògiri sọ̀rọ̀," ló wí.

Inú mi bàjẹ́. Àwọn kan ń gbàdúrà kí ìyá ọkọ wọn tètè lọ. Èmi fẹ́ràn tèmi. Ẹnu rẹ̀ mú, tèmi náà mú, a sì mọ bí a ṣe ń bú ara wa láìjà.

Ọkọ mi ní òun á wó ògiri náà, kí yàrá àti pálọ̀ di ọ̀kan. Mo ní kó pe bíríkìlà. Ó ní ṣé òun kò wó ògiri rí ni? Lóòótọ́, ó ti wó méjì nílé bàbá rẹ̀, nǹkan kan kò ṣe. Àmọ́ páànù ló wà lórí ilé Ògbómọ̀ṣọ́, páànù sì fúyẹ́. Òrùlé tiwa níbí, igi ni wọ́n tò, tí wọ́n da amọ̀ lé, ọdọọdún ni wọ́n sì ń fi amọ̀ kún un kí òjò tó dé. Orí ògiri àárín yẹn ni gbogbo ẹrù náà jókòó lé. Àwa kò mọ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó gbé dígà. Ihò náà ti ga tó ènìyàn nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí wa lórí, tí igi kan sì ké lókè. Mo figbe ta. Bíríkìlà Sáńmà kan tó ń gbé ní òdìkejì títì sáré wọlé.

"Kai! Ku bari!" Ó ní ká dáwọ́ dúró, ó já dígà gbà.

Òun àti ọkọ mi fi òpó méjì ti òrùlé. Lẹ́yìn náà ló fi Haúsá là á yé wa pé bí a bá wó ògiri yìí tán, orí wa ni òrùlé máa já lé. Kí a dí ihò náà padà, tàbí kí òun fi igi tó nípọn sí òkè rẹ̀, kó di ẹnu ọ̀nà lásán.

Ojú ti ọkọ mi, ló bá ń bínú. "Kó dí i! Bí kò bá di pálọ̀ ńlá, kí ni mo fẹ́ fi ihò ṣe?"

"Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ," mo wí, ṣùgbọ́n àyà mi ti já. Bí wọ́n bá dí i, Ìyá lọ nìyẹn.

Ìyá, tó ti wà lẹ́yìnkùlé, gbọ́ ariwo, ó yọjú láti inú ihò náà. Ó rí wa. Ó rí àwọn ọmọ lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ pẹ̀lú abọ́ kókò lọ́wọ́. Ó wọ́ àpótí rẹ̀ wá, ó gbé e sínú ihò ògiri náà gan-an, ó jókòó.

"Ìyàwó, bu kókò tèmi wá síbí. Ẹni tó bá fẹ́ dí i, kó dí i mọ́ mi."

Ọkọ mi yíjú sí bíríkìlà. Ó ní kó lọ gbé igi wá.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé, ọkọ̀ lọ. Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà tuntun náà, ó ń bú mi pé ọbẹ̀ mi kò níyọ̀, inú mi sì dùn ṣìnkìn.