Ọjọ́ tí Ọmọ Katapílà Dákẹ́

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì lẹ́bàá ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú, tí ẹ ní Àbúdù lẹ ń wá, wọn á bi yín pé Àbúdù wo. Ẹ sọ pé Àbúdù Ojo. Kíá ni wọn á nàka sí ìsọ̀ tó kángun sí tèmi, níbi tí èmi Bùnmi ti ń ta páàtì mọ́tò. Kò sí ẹni tí kì í fi orúkọ yẹn pè é, ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀.

Orúkọ náà sì bá a mu. Àbúdù ń bẹ̀rù àkàbà, ó ń bẹ̀rù sílíńdà gáàsì, kì í sì í wọ ọkọ̀ ojú omi, bẹ́ẹ̀ etí ọ̀sà ní Ìjẹ̀dẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó wà ní kékeré, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ bàbá wọn, ó sì gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́. Ó sọ fún bàbá rẹ̀. Bàbá ní kó panu mọ́. Àárín ọ̀sà ni ẹ́ńjìnnì náà kú sí, ìjì dé bá wọn, ọkọ̀ dojú dé. Bàbá wálé, Àbúdù wálé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò wálé. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ìbẹ̀rù náà ló sì ń bọ́ ọ. Tí mọ́tò bá ń dún, Àbúdù á fi ẹnu sukudiráfà gígùn kan ìdí irin, á gbé èèkù rẹ̀ sí etí, á dijú. Tí ohun tó gbọ́ kò bá dára, á fò sẹ́yìn bí ẹni tí agbọ́n ta, àwa á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé mọ́tò ò kúkú ní bù ú jẹ. Ṣùgbọ́n ibi tó bá ní kí wọ́n tú náà ni wọ́n máa ń bá a.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Rodiat. Ọmọ yìí rí iṣẹ́ sí oko ẹja kan nínú àbàtà lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́. Ẹsẹ̀ kò ṣeé gbà dé ibi àwọn odò ẹja náà, nítorí náà ni olóko ṣe ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tí wọ́n yọ táyà rẹ̀ kúrò, tí wọ́n fi bẹ́líìtì rọ́bà fẹ̀ǹfẹ̀ dípò rẹ̀, bí ẹsẹ̀ katapílà. Ọmọ katapílà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gbé oúnjẹ ẹja àti òṣìṣẹ́ la ẹrẹ̀ kọjá. Lọ́jọ́ tí Rodiat sọ fún bàbá rẹ̀ pé ohun tí òun ń gùn lójoojúmọ́ nìyẹn, Àbúdù kò lè jẹun.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí ọmọ bá pè, Àbúdù kì í tíì béèrè àlàáfíà rẹ̀ tí á fi béèrè ohùn kẹ̀kẹ́ náà. Lákọ̀ọ́kọ́, Rodiat ní ó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ tí wọ́n bá ń yí sósì, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń lọ tààrà, kò dún. Bàbá ní oríkèé ṣáàfùtù òsì ni, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Gíríìsì ni wọ́n fi pa á. Nígbà tó yá, ó ń ké kódà lójú ọ̀nà tààrà. Tí ẹrù bá wúwo, á ké jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá dín iná ẹ́ńjìnnì kù, á rọlẹ̀. Àbúdù dìde dúró nígbà tó gbọ́ ìyẹn. Ó ní ó ti kọjá ṣáàfùtù, ó ti wọnú gíà, bẹ́rìn tó gbé gíà dúró ló ń kú lọ, yóò sì kó eyín gíà lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Rodiat jíṣẹ́ fún olóko, ọ̀gá wọn. Ọ̀gá pe Toheeb, dẹ́rẹ́bà kẹ̀kẹ́ náà, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ariwo yẹn mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Rodiat pè, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ ọ. "Bàámi, ó ti dákẹ́ o. Ó ń lọ wẹ́rẹ́."

Mo ní ká dúpẹ́. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Àbúdù. Ó béèrè ẹni tó tún un ṣe. Rodiat ní kò sẹ́ni tó tú nǹkan kan, Toheeb kàn da ọ́ìlì sí i ni. Bàbá ní kó má gùn ún. Ọmọ ní ẹ̀rù bàbá òun ti pọ̀ jù, òun àti Benjamin tí àwọn jọ ń tọ́jú ẹja ti fẹ́ gbéra báyìí. Ìgbà tí a tún pè é, fóònù kò lọ mọ́.

Mọ́tò mi la gbé. A kọjá Ìmọ̀tà, a kọjá Ìtòíkin, Àbúdù kò gbé ojú kúrò lára òjò tó ṣú sí iwájú. Mo gbìyànjú láti tù ú nínú pé bóyá ọ́ìlì náà ló ṣe é lóore.

"Bùnmi," ó ní, "irin kì í wo ara rẹ̀ sàn."

Mo fi kún eré mọ́tò.

Nígbà tí a dé etí àbàtà, Toheeb ló jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Ó kí wa, ó ní Rodiat àti Benjamin ti lọ tipẹ́, kẹ̀kẹ́ ò sì pariwo rárá. Àbúdù bi í pé ìwọ tí o jẹ́ dẹ́rẹ́bà, kí lo ń ṣe níbí? Ó ní inú ń run òun. Kò wo ojú wa. Àbúdù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbọn nǹkan kúrò létí ṣòkòtò Toheeb, ó gbóòórùn rẹ̀, ó nà án sí mi. Lẹ́búlẹ́bú pákó ni, irú èyí tó máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń la igi.

Ẹni tó bá ń ta páàtì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àwọn oníjìbìtì tó ń ta ògbólógbòó mọ́tò máa ń po lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ gíríìsì, wọn á rọ ọ́ sínú gíà tó ń kú lọ, kó lè gbé ariwo mì títí oníbàárà á fi gbé e lọ. Gíà náà kò sàn, wọ́n kàn dí i lẹ́nu ni. Nígbà tó bá máa gan pa, kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Toheeb kúnlẹ̀. Ó ní ẹ̀rù ọ̀gá ló ba òun. Ó ní nígbà tí òun ṣe é tán, ẹ̀rù àtigùn ún tún ba òun.

Àbúdù kò nà án. Ọkọ̀ ojú omi ló béèrè. Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Bàbá apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe dìde, ó tọ́ka sí ọkọ̀ rẹ̀, Àbúdù Ojo sì wọ inú rẹ̀. Ó dijú, ó di etí ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, ó ń ké pe Ọlọ́run. Èmi náà wọlé. Mi ò ní purọ́, ì bá wù mí kí n dúró.

Òjò ti rọ̀ lókè odò, omi ti kún bo ipa ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. A pe Rodiat títí, eèsún gbé ohùn wa mì. Nígbà tó yá, omi pín sí méjì níwájú wa. Bàbá apẹja dáwọ́ àjẹ̀ dúró, ó ní ibo ni ká gbà? Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Àbúdù ní ká dákẹ́. Ó fọwọ́ kan sukudiráfà inú àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n irin wo ló wà níbẹ̀ tó fẹ́ fi í kàn? Bàbá apẹja wò ó, ó sì na àjẹ̀ sí i. Ó ní báyìí làwọn fi ń gbọ́ ẹja tó ń kùn nísàlẹ̀: ti ẹnu rẹ̀ bọ omi, gbé etí lé ìdí rẹ̀.

Àbúdù tẹ̀ síwájú nínú ọkọ̀ tó ń mì, ó gbé etí lé igi náà. Mo ti ń ro ohun tí a ó sọ fún ìyá ọmọ náà. Ojú Àbúdù là.

"Kọ̀, kọ̀, kọ̀," ó ní. "Ẹ yí sọ́tùn-ún. Irin ni."

Ẹsẹ̀ òsì kẹ̀kẹ́ náà ló gan, tí ti ọ̀tún sì ń yí, ó fa ara rẹ̀ wọ ibi tó jìn, ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Benjamin wà lórí rẹ̀, ó di aṣọ Rodiat mú. Omi ti dé àyà ọmọ náà. Ohùn rẹ̀ ti há. Sípánà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi í lu irin kẹ̀kẹ́ lábẹ́ omi, kò sì dáwọ́ dúró títí a fi fà á wọnú ọkọ̀.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Bàámi, tí mo bá pariwo, ẹlòmíràn lè má gbọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ó wá, irin ni mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin á gbọ́."

Àbúdù bú sẹ́kún. Ó sun ún kíkan, bí ọmọdé, títí a fi dé èbúté, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lọ́rùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀.

Títí di òní, kò tíì wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́. Ojo náà ni, a ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì ń jẹ́. Rodiat ti gba iṣẹ́ míràn ní Ẹ̀pẹ́, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó sì ń pè ní ìrọ̀lẹ́. Tó bá dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, bóyá omi ló ń mu, Àbúdù á nà ró, á ní, "Rodiat, sọ̀rọ̀." Ọmọ náà kì í bá a jiyàn mọ́. Á mú ṣíbí, á fi lu ìkòkò, kọ̀, kọ̀, kọ̀, ọkàn Àbúdù á balẹ̀, èmi náà á sì wá ti ìsọ̀ mi lọ sílé.