Yàrá Mẹ́ta Philemon

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Ìrẹ̀lẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa ni mo ti mọ Philemon, ìbínú ni mo sì fi mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀, ọkọ̀ á ti kún tán, á ku ẹnì kan, dẹrẹ́bà á wá ní ká dúró de Bàbá Iyansan, bí wọ́n ṣe ń pe Philemon nítorí abúlé tó ti ń wá. A ó fún ara wa mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ó máa wo ọ̀nà, títí ọ̀kadà kan á fi já a sílẹ̀ pẹ̀lú eruku lára, á sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò ṣẹ̀ wá. Tíṣà ni mí, ọ̀gá mi kò sì gbà pé ọkọ̀ máa ń pẹ́. Lọ́jọ́ kan ara mi ò gbà á mọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí àgbàlagbà bíi tirẹ̀ ò lè gba yàrá sí Òkìtìpupa níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, kó jẹ́ kí gbogbo wa sinmi.

Ó ní, "Tíṣà, mo ti ní yàrá mẹ́ta rí lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó wá mi dé ọ̀kankan nínú wọn."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi lójú ọ̀nà yẹn, lójoojúmọ́, bí a ṣe ń fo kòtò.

Iṣẹ́ Philemon ni kó máa mójú tó jẹnẹrétọ̀ àti omi ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, lẹ́yìn Òkìtìpupa, lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀. Ibẹ̀ jìnnà sí ìlú. Àdúgbò tuntun ni, ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán ló pọ̀ jù níbẹ̀, ewéko ti hù láàárín ìpìlẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́, wọ́n fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀, ọ̀fẹ́. Ẹlòmíì á ti dúpẹ́, á kó ẹrù rẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ìyàwó Philemon ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ti wà nílé ọkọ ní Benin, kò sì fẹ́ kó jẹ́ pé òun àti ẹ̀rọ ni wọn yóò máa wo ojú ara wọn. Ó wá gba yàrá kejì ní àárín Òkìtìpupa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjọ Aládùúrà rẹ̀, níbi tó ti ń lu agogo ìsìn. Ó ní tí òun bá ti gbóhùn àwọn ará ìjọ láti ojú fèrèsé, yàrá náà á dà bí ilé.

Yàrá kẹta ni ti ilé bàbá rẹ̀ ní Iyansan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Judith, nìkan ló kù nínú ilé náà. Nígbà tí Judith gbọ́ pé àbúrò òun gba ilé ní Òkìtìpupa, inú bí i gan-an. Ní tiwa níhìn-ín, kí ènìyàn lọ yá ilé ní Èkó tàbí Ìbàdàn, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ Ìkálẹ̀ máa sanwó ilé nínú ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kí ilé bàbá rẹ̀ wà lọ́hùn-ún, kí ibojì bàbá náà wà níwájú rẹ̀, àwọn ará ilé á ní ṣé wọ́n lé e ni. Philemon bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò kó ẹrù òun kúrò, òun á máa wá lópin ọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi ọkàn gbogbo wọn balẹ̀. Ó ní bùrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sí yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wúwo bíi ti aṣọ́gbà ọgbà ẹ̀wọ̀n, ó sì ń fi wọ́n yangàn nígbà náà.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹni tó ń gbé ibi mẹ́ta, ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti máa ń ṣàìsí nílé.

Ó ṣẹlẹ̀ nígbà ìsinmi àárín táàmù. Àwọn ọmọ lọ sílé, àwọn tíṣà tẹ̀ lé wọn. Philemon pa jẹnẹrétọ̀, ó ń palẹ̀ mọ́ láti jáde ni òtútù mú un, ló bá ní kí òun dùbúlẹ̀ díẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn. Ibà ni. Ibà tó gbé e ṣánlẹ̀, tó ń gbọ̀n ọ́n títí bẹ́ẹ̀dì fi ń dún. Fóònù rẹ̀ kú ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Òun tó ń fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ní iná, kò ní agbára láti dìde lọ tan iná tí yóò fi ṣáàjì fóònù rẹ̀. Ó sọ èyí fún mi tẹ̀rín tẹ̀rín, mo sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò lè.

Omi wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ń fi ife bù ú mu. Ó ń gbọ́ ọ̀kadà lójú ọ̀nà, gbogbo èyí tó bá sì dẹwọ́ eré, ó rò pé òun ló ń bọ̀ wá wò. Á gbórí sókè. Ọ̀kadà á kọjá. Ó gbìyànjú láti pe Oyèkànmí, aṣọ́nà tó wà ní géètì, ṣùgbọ́n géètì jìnnà, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ọmọ tuntun lọ. Nígbà tí ọjọ́ Sunday dé, ó fi ọkàn balẹ̀. Ó ní bí wọn ò bá ti gbọ́ agogo, wọ́n á mọ̀ pé nǹkan ṣe òun. Ó ń fojú inú wo Bàbá Adéjọbí, olórí ìjọ wọn, nínú sùtánà funfun, tó ń bèèrè ní gbangba pé, "Philemon dà?" Ó dúró de ìbéèrè yẹn ní gbogbo ọjọ́ náà. Ilẹ̀ ṣú. Ó ní òun sunkún, kì í ṣe nítorí ibà.

Nígbà tí ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó di ògiri mú, ó rìn jáde lọ sí géètì. Oyèkànmí rí i, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bùrọ́dà Philemon! Ẹ káàbọ̀ o! Ìgbà wo lẹ kọjá tí mi ò rí yín? Báwo ni ilé?"

Philemon wò ó. Ó ní ẹnu òun ló kàn dáhùn pé, "Ilé wà dáadáa."

Ó gba ìjọ lọ. Ẹlòmíì ti lu agogo, ẹlòmíì sì ti gbá ibi tí òun máa ń gbá. Bàbá Adéjọbí gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Ẹ kú ìrìn. Ṣé àlàáfíà lẹ bá àwọn ará Iyansan? A ní ẹ ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Àǹtí yín." Kò sẹ́ni tó purọ́ fún un. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn fẹ́ràn rẹ̀, gbogbo wọn sì mọ̀ dájú pé ó wà níbòmíì, níbi tí ara ti tù ú. Ó ní ìgbà yẹn gan-an ni òun tó mọ bí òun ṣe dá wà tó.

Ibi tí inú ti wá ń bí i ni ti Judith. Ó ní ará ìta lè má mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ẹni ńkọ́? Ó wọ ọkọ̀ dé Ìrẹ̀lẹ̀, ó gun ọ̀kadà dé Iyansan, ó sì ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lọ́nà gẹ́gẹ́ bí lọ́yà.

Inú ilé ìdáná ló bá a, lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Philemon kò wo ẹsẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mo dùbúlẹ̀ títí, ẹ ò wá mi. Bí mo bá kú síbẹ̀ ńkọ́?"

Judith gbójú sókè. "Èmi ńkọ́?"

"Kí ni tiyín?"

"Mo ṣubú lódò, níbi tí mo rẹ ẹ̀gẹ́ sí. Mo jókòó síbẹ̀, mi ò lè dìde, títí àwọn tó ń ti oko bọ̀ fi gbé mi. Orúkọ ta lo rò pé mo ń pè?"

Ìgbà náà ló tó wo ẹsẹ̀ náà. Ó wú, ó ń dán, wọ́n fi aṣọ àti òróró dì í. Ó bi í kí ló dé tí kò pe òun lórí fóònù nígbà tó délé. Judith ní, "Mo ní o wà láàárín ará ìjọ rẹ, kí n má dà ọ́ láàmú." Ó fọwọ́ gbá ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. "Ọma ìyá mi, ghá jókòó."

Nígbà tó jókòó ló rí àjà tó wà lókè iná. Púpurú ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹ́, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń rẹ títí á fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n róbótó, wọ́n á tò ó sórí àjà kí iná àti èéfín yan án gbẹ. Èyí tó bá ti gbẹ, wọ́n á ha ẹ̀yìn dúdú rẹ̀ kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á kù ú. Láti kékeré ni Judith ti máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ti Philemon, kí àwọn àbúrò yòókù má baà gbé e. Philemon rí èyí tó ní ojú àtàǹpàkò. Kì í ṣe ẹyọ kan. Gbogbo ìgbà tí Judith ti ń ṣe púpurú láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti ń sọ pé òun ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ó ń yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀. Nígbà tí kò wá, kò fún ẹnikẹ́ni, ó fi í sílẹ̀ fún èéfín. Èyí tó pẹ́ jù níbẹ̀ ti dú bí èédú.

Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó ń ha á. Ó ha á títí, ìdọ̀tí dúdú kún iwájú rẹ̀. Ó ní ó ti dín kù púpọ̀ kí funfun rẹ̀ tó yọ. Ṣùgbọ́n ó yọ. Òun ló gún un, òun ló rò ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ tó fi dá kọ́kọ́rọ́ méjì padà fún àwọn tó ni wọ́n, ó sì padà sọ́dọ̀ Judith ní Iyansan. Níbi iṣẹ́ wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú, pé ta ló ń fi yàrá ọ̀fẹ́ sílẹ̀ kó máa wá fi eruku wẹ̀ láàárọ̀. Ó ń rẹ̀ ẹ́, kò fi pa mọ́. Ìjókòó ọkọ̀ wa ló ti ń sùn.

Bó ṣe jẹ́ nìyẹn. Èmi náà kò kúrò nínú ọkọ̀ náà. Láìpẹ́ yìí, a ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, táyà fọ́ nínú òjò, ó sì pẹ́ kí a tó rí òmíràn. Fóònù Philemon dún. Fóònù ògbólógbòó ni, gbogbo wa ló ń gbọ́ ohùn ẹni tó bá pè é.

"Philemon, ibo lo wà?"

"Mo wà lọ́nà, Àǹtí."

"Ọ̀nà ibo? Òjò ti pa ọ́?"

 Ó yí ojú sí fèrèsé, èjìká rẹ̀ ń mì. Kò sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkọ̀, èmi pàápàá kò ṣe é. Mo ń lọ sí Ìrẹ̀lẹ̀, sí yàrá tí mo yá nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀, níbi tí n kò ti ní ará tàbí ojúlùmọ̀. Mo yọ fóònù tèmi wò. Iná wà nínú rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Kò sí ẹni tó pè.

Ní báyìí, tí ọkọ̀ bá kún láàárọ̀, tí dẹrẹ́bà bá fẹ́ gbéra, èmi ni mo máa ń bèèrè pé, "Bàbá Iyansan dà?"