Fóònù Tí Kò Jẹ́ Kí Sáfà Sinmi

Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, Christiana Ọ̀ṣuntókun ń tẹ táípì ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí ìpínlẹ̀ náà fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, òun nìkan ló mọ bí sáfà ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àjùmọ̀ṣe, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan lójú ọ̀nà Ìṣẹ̀. Sáfà yìí ni kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé ímeèlì àwọn òṣìṣẹ́, tó sì ń forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ọdún méjì gbáko ló fi ń wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn ní gbogbo Sátidé kó tó mọ iṣẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ ni wọ́n máa ń rántí pé ó lórúkọ.

Lóṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Bí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá ti lù, á dákẹ́ lọ gbári, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa pariwo níta. Ọ̀gbẹ́ni Àrẹ̀mú, rẹjísírà ilé-ẹ̀kọ́ náà, dìde lójú gbogbo òṣìṣẹ́.

“Madam, irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti obìnrin. Ọjọ́ Ẹtì ni àwọn tuntun máa forúkọ sílẹ̀. Bí sáfà bá tún wó lọ́jọ́ náà, ẹ kó ẹrù yín.”

Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Christiana ṣí àkọsílẹ̀ tí sáfà fúnra rẹ̀ máa ń ṣe, èyí tó ń fi ẹni tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ hàn àti ìgbà tó kàn án. Ohun tó rí níbẹ̀ mú kó pòṣé. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wó sáfà lulẹ̀, fóònù àwọn ọ̀gá ni. Fóònù kọ̀ọ̀kan ń kan ilẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Lẹ́tà dé? Kò dé. Lẹ́tà dé? Tọ̀sán tòru. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá sì wọlé dé ní aago mẹ́wàá, ẹrù náà á pọ̀ jù fún un. Ọ̀gá mọ́kànlá péré ló ní ímeèlì lórí fóònù, àmọ́ fóònù mẹ́tàdínlógójì ló ń kan ilẹ̀kùn.

Ọmọ Èkìtì ni, kò pẹ́ tó fi yé e. Ọ̀gá kì í lo fóònù pẹ́ níbí. Bí tuntun bá ti Èkó dé, ti àtijọ́ á di ti ìyàwó, ti ìyàwó á di ti awakọ̀, ti awakọ̀ á di ti ẹ̀gbọ́n lábúlé. Wọ́n á fi fóònù ta ara wọn lọ́rẹ, kò sẹ́ni tó máa yọ ímeèlì rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Christiana lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí wọ́n kó fóònù àtijọ́ wá kí òun bá wọn tún un ṣe. Ẹnì kan fi bíárò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Ojúkòkòrò.”

Lọ́jọ́rú, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìṣẹ̀ lọ bá Màmá Gbémi, ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú lóbìnrin, tó ń ta epo pupa. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni màmá yìí àti ìyá Christiana ń lọ, ó sì ti ń ṣàròyé tipẹ́ pé fóònù tí àbúrò òun fún òun ń jẹ káàdì.

“Ọmọ mi, bá mi wò ó,” ni màmá wí. “Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Ulé mi ni mo jókòó sí, uṣẹ́ mi ni mò ń ṣe, káàdì á ti tán. Olè ni àwọn oníléeṣẹ́ fóònù.”

“Wọn ò jalè, mà. Lẹ́tà àbúrò yín ló ń jẹ ẹ́.”

Bó ṣe gba fóònù náà báyìí ló dún, lẹ́tà kan sì yọ lójú rẹ̀. Àrẹ̀mú ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé rẹ̀: ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ tí Àrẹ̀mú ní kí akọ̀wé náà bá òun tẹ̀. “Christiana Ọ̀ṣuntókun, nítorí sáfà tó tún wó lónìí, ọjọ́ Ẹtì.” Ọjọ́rú ni wọ́n ṣì wà. Nísàlẹ̀ ni orúkọ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà wà, àna Àrẹ̀mú kan láti Òmùò.

Láti ọjọ́ tí Christiana ti dáyé, kò tíì wù ú tó bẹ́ẹ̀ láti fọ́ ènìyàn létí. Gbogbo Sátidé tó fi wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn, àna ẹnì kan ló fẹ́ wá jókòó lé e lórí. Ó yọ ímeèlì náà kúrò lórí fóònù màmá, ó kí i pé ó dàbọ̀, kò sì sọ nǹkan kan fún un.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kò lẹ ìwé mọ́ ògiri mọ́. Ó pàṣẹ fún sáfà pé kó má ṣílẹ̀kùn fún fóònù kankan títí ìforúkọsílẹ̀ yóò fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù kan fún ẹnì kan, kó sì máa kan ilẹ̀kùn ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá lù, sáfà dúró. Aago mọ́kànlá lù, ó dúró. Christiana kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di ọ̀sán, Àrẹ̀mú gba ẹ̀yìnkùlé já wọlé. Dókítà Ọlálérè, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, ló fà lẹ́yìn, ìwé ìdádúró sì wà lọ́wọ́ Àrẹ̀mú.

“Ẹ wò ó, sà. Láti àárọ̀, fóònù mi ò dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Sáfà ti tún wó. Mo ti kọ ìwé wọn.”

“Fóònù yín ni mo ní kó dákẹ́, sà,” ni Christiana wí. “Sáfà ń ṣiṣẹ́. Irínwó akẹ́kọ̀ọ́ ti forúkọ sílẹ̀.”

Dókítà Ọlálérè yọjú lójú fèrèsé, ó rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde lọ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó gba lẹ́tà náà, ó kà á tán.

“Ọ̀gbẹ́ni Àrẹ̀mú, ẹ kọ ọ́ síbí pé sáfà wó lónìí. Ìgbà wo lẹ kọ èyí?”

Àrẹ̀mú nawọ́ láti gba lẹ́tà náà padà.

“Ọjọ́rú ni, sà,” ni Christiana dáhùn. “Mo kà á lórí fóònù ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìṣẹ̀.”