Iṣu Tuntun Tó Dé Ṣáájú Ọdún

Mo rántí ìgbà tí òórùn kòkó tí wọ́n sá sórí ẹní máa ń gba ojú fèrèsé wọlé bá mi, tí n óo jókòó nìkan sórí bẹ́ẹ̀dì, tí n óo máa ronú ilé. Abà kan ni mò ń gbé nígbà náà, nísàlẹ̀ Emùré, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà ti parí. Iléeṣẹ́ kan ló rán mi wá láti Ìbàdàn pé kí n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ bí wọ́n ṣe lè fi fóònù àti kọ̀ǹpútà ta ohun tí òbí wọn ń gbìn, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ rí iṣẹ́ mú lọ́wọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì nígbà náà, mo sì gbà pé kò sí ohun tí abà lè fi kọ́ mi.

Gbọ̀ngàn kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì la ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Iná sólà, tó ń gba agbára lára oòrùn, la ń lò, nítorí náà bí òjò bá ti ṣú, ẹ̀kọ́ parí. Àwọn ọmọ náà bọ̀wọ̀ fún mi ju bó ti yẹ lọ. "Ẹ kú uṣẹ́, sà," ni wọ́n á wí, wọ́n á sì dákẹ́. Tí a bá ṣíwọ́, wọ́n á máa fi èdè ìlú wọn dápàárá lọ sílé, èmi á ṣẹ́kù síbẹ̀ tí mò ń ká wáyà. Ká má purọ́, mo dá wà débi pé mo ń bá ewúrẹ́ ìyá onílé mi sọ̀rọ̀, ó sì máa ń fetí sílẹ̀ dáadáa.

Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ti máa ń pè mí wá jẹun, ilé àgbẹ̀ kan tí ọmọbìnrin rẹ̀ já fáfá jù lọ nínú kíláàsì wa. Iléeṣẹ́ wa ti sọ pé àwọn yóò mú ọmọ kan lọ sí Adó-Èkìtì láti lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ọdún kan lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo wa mọ̀ pé ọmọ náà ni. Bàbá rẹ̀ tilẹ̀ ti ra àpótí aṣọ fún un.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí wọ́n má tijú. "Ẹnu la fi ń tajà," ni mo máa ń pariwo. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti ọmọbìnrin náà lọ bá bàbá rẹ̀ lóko níbi tó ti ń wa iṣu tuntun. Ó sun ún fún wa, a fi epo jẹ ẹ́. Kí a tó kúrò, mo pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kó ya àwòrán òkìtì iṣu náà, kó sì ní kí bàbá rẹ̀ dúró tì í kó máa rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ká má fi í sílẹ̀ di ẹ̀yìn ọdún, sà?" ni ọmọ náà bi mí nígbà tí àwa méjèèjì ń bọ̀ lọ́nà.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní oníbàárà kì í dúró de ọdún. Èmi fúnra mi ni mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé: "Iṣu tuntun ti dé! Àwa la kọ́kọ́ gbé e jáde." Ó sì gbé e sórí Wọ́sáàpù.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Nílùú yẹn, ẹnikẹ́ni kì í gbé iṣu tuntun jáde ní gbangba kí ọba tó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ ọdún ìjẹṣu. Gbogbo wọn ló ń jẹ ẹ́ lóko, títí kan àwọn ìjòyè ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé e kọjá níwájú ilé ẹnikẹ́ni, áńbọ̀sìbọ́sí kí wọ́n kéde rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwòrán yẹn ti dé ààfin.

Lọ́jọ́ kejì, ààfin ránṣẹ́ sí baálẹ̀ abà wa, wọ́n sì pe bàbá náà àti ọmọ rẹ̀ sí iwájú ilé baálẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn. Baálẹ̀ bi ọmọbìnrin náà léèrè pé, "Ta ló ní kí o ya uṣu yìí?"

Kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. "Èmi ni, bàbá."

Mo la ẹnu. Mo ronú kan iṣẹ́ mi, mo ronú kan ohun tí ọ̀gá mi máa sọ, mo sì pa ẹnu dé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́. Bàbá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ nínú erùpẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bàbá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ọmọ kò sì wá sí kíláàsì mọ́. Ọmọ mìíràn ló lọ sí Adó. Mo lọ sílé wọn lẹ́ẹ̀kan. Bàbá fún mi ní àga, ó bu omi fún mi, ó jókòó kọjú sí mi.

"Tísà, ṣé ọ̀rọ̀ wà tí ẹ fẹ́ bá mi sọ nínú ulé mi yìí?"

"Rárá, sà. Mo kàn wá kí yín ni."

Ó ní mo ṣeun. Wọn kò pè mí wá jẹun mọ́, nígbà tí iṣẹ́ mi sì parí, mo padà sí Ìbàdàn láìsí ẹni tó sìn mí dé ọ̀nà.

Ó ti pé ọdún mélòó kan. Ọmọ náà ti dàgbà, iṣu ló ń tà, àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ àti Adó ń rà á lórí fóònù rẹ̀. Lọ́dọọdún ni mò ń rí àwòrán iṣu tuntun tó gbé sórí Wọ́sáàpù, lọ́jọ́ kejì ọdún ìjẹṣu gan-an, kì í ṣáájú rẹ̀. Ó ń rí i pé mo wò ó. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sí ẹnì kejì, àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo kọ ọ́ sí i pé: "Èmi ni mo ní kí o yà á. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà."

Èsì rẹ̀ kò pẹ́. "Bàbá ti mọ̀ látọjọ́ yẹn, sà. Èmi kọ́ ni mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ọmọ àwọn kò lè kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ wá kí wọn, wọ́n rò pé ẹ fẹ́ sọ ọ́ ni. Wọ́n ṣì ń retí yín."

Ọdún ti kọjá, iṣu ti wà lọ́jà, ọ̀nà Emùré kò sì jìn. Mo ti di àpò mi láti ìjẹta. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kó má tijú, mo jókòó ti àpò náà, mò ń wá ọ̀rọ̀ tí n óo kọ́kọ́ sọ.