Garawa Tí Mo Gbé Síwájú Àfẹ́sọ́nà Ọmọ Mi

Ọyẹ́ ọdún náà mú ní Jos débi pé àkùkọ wa kọ ní ìdájí, ọ̀sán la tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi àkùkọ. Àdúgbò Àpáta là ń gbé nígbà náà, ibi ìwakùsà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. A ó fi omi fọ yanrìn títí yóò fi ku kùsà dúdú nìkan nísàlẹ̀ igbá.

Àkọ́bí mi obìnrin mú àfẹ́sọ́nà wálé, ọmọ Èkìtì tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní, "Sà, omi, iyọ̀, èédú àti irin díẹ̀ ni èèyàn. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ìfẹ́ gan-an, iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ lásán ni."

Ṣé ẹni tó ka ọmọ mi sí omi àti iyọ̀ ni n ó fà á lé lọ́wọ́? Bí omi bá dà nù, ṣebí òmíràn ni wọ́n ń pọn?

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó wá bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí àwọn èèyàn òun wá tọrọ ọmọ. Ó dọ̀bálẹ̀. N kò ní kó dìde. Mo gbé garawa omi síwájú rẹ̀, mo bu iyọ̀ sí i, mo ju èédú mẹ́ta sí i, mo fi ìṣó tó dípẹtà kan lé e.

"Ìyàwó rẹ rèé. Gbé e, kí o máa lọ."

Ìyàwó mi figbe ta. "Haba, Bàbá àwọn ọmọ!"

Mo ń gbọ́ èémí ọmọ mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù wá bà mí. Bí ọ̀dọ́kùnrin yìí bá bínú lọ, èmi ni ọmọ mi kò ní dárí jì.

Ó wo inú garawa pẹ́.

"Ó pé, sà. Kò ku ohun kan."

"O gbà á nìyẹn?"

"N kò gbà á, sà."

"Tó bá pé, kí ló tún kù?"

Àyà rẹ̀ wà lórí símẹ́ǹtì tútù, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Eléyìí kò bínú sí mi rí, sà."

Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Dìde," ni mo wí.

Àna mi gbé garawa jáde, ó da omi rẹ̀ nù, ó sì sá èédú sóòrùn fún ìyá ìyàwó rẹ̀. Títí dòní kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà pé omi àti iyọ̀ ni èèyàn. Ọmọ mi ló gbé oúnjẹ mi wá lọ́jọ́ náà. Kò fi iyọ̀ sí i. Mo jẹ ẹ́ tán.